Ààlè Tí Ṣàfíù So Sórí Igi Ìyá Rẹ̀

Nínú gbogbo àwọn tó ń ta èso ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù Igando, Ṣàfíù nìkan ni kì í ta èso ilẹ̀ yìí. Àpù ló ń tà, èyí pupa àti èyí aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú gíréèpù tí wọ́n dì sínú ike bí ẹni di ọmọ tuntun. Òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní bébà róbótó kan lára bí ẹni tó ní ìwé ìrìnnà. Ọjà náà sì ń tà. Bí èèyàn bá gbé ọsàn lọ kí aláìsàn, wọ́n á ní ahun ni. Ṣùgbọ́n bó bá gbé àpù lọ, kódà kí aláìsàn náà má ní eyín lẹ́nu, gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa mọ̀ pé ó ní ẹni. Ṣàfíù mọ èyí dáadáa. Ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ ni pé ìdí igi eléso ni wọ́n bí ọkùnrin tó ń fi aṣọ nu àpù yìí sí, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tó jókòó sí.

Ìpadò ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ó wà nínú àfonífojì kan lẹ́yìn Ayọ̀bọ̀, létí odò tí kò fẹ̀ ju ohun tí ọkùnrin tó ti mu ẹmu díẹ̀ lè fi ìgboyà fò kọjá. Nígbà tí Ayọ̀bọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ oko, odò yìí ló ń mú ilẹ̀ Ìpadò tutù, ilẹ̀ náà kò sì mọ iṣẹ́ méjì ju kó máa so èso lọ: ọsàn, mángòrò, ìyeyè, kajú, ìbẹ́pẹ. Igi ni wọ́n fi ń júwe ilé níbẹ̀. Bí o bá béèrè ilé ìmáàmù, wọ́n á ní kí o kọjá mángòrò tó tẹ̀, kí o yà níbi kajú. Ilé ìyá Ṣàfíù, Ìdíátù, ni ilé alágbálùmọ̀.

Wọn kì í ká agbálùmọ̀ ní Ìpadò. Fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ já bọ́. Wọ́n ní èyí tí a bá fipá ká máa ń bínú, oje rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ èèyàn létè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó bá já bọ́ ló pọ́n tọkàntọkàn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ìdí igi ló ni ín, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kọjá lọ sódò. Onígi tí kò bá fẹ́ kí gbogbo ayé máa ṣa èso òun yóò so ààlè sí i. Ààlè kì í ju àkísà lọ, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí ẹsẹ̀ bàtà tó ti gbó. Kò sí ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù nínú rẹ̀. Ẹni tó so ó ni wọ́n ń bẹ̀rù, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń so ó. Wọ́n sì máa ń sọ pé ọmọ àlè ní í fojú di ààlè. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bàbá òun, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ààlè rí ní Ìpadò.

Òfin méjì ló so mọ́ ọn. Ọwọ́ tó bá so ààlè ni yóò tú u. Kò sí ọwọ́ mìíràn. Bí ààlè bá sì ti wà lórí igi, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ẹnu kan èso rẹ̀, títí kan ẹni tó so ó. Ààlè Ìpadò kì í mọ ojú.

Ṣàfíù so ààlè sórí igi ìyá rẹ̀ ní ọdún tí Hamdalah, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Hamdalah ti ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá báyìí.

Ìjà náà kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́. Súmbọ̀, àbúrò Ṣàfíù obìnrin, lóyún, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì, àfi agbálùmọ̀. Ìyá wọn wá sọ pé kí gbogbo èèyàn fi igi náà sílẹ̀ fún Súmbọ̀ ní ọdún yẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú gbogbo ará ilé ló ti sọ ọ́, kò kọ́kọ́ pe Ṣàfíù sí kọ̀rọ̀. Ṣàfíù sì ni àkọ́bí. Bàbá wọn tó gbin igi náà ti kú, lójú Ṣàfíù, ẹni tó bá fẹ́ fi igi bàbá tọrẹ gbọ́dọ̀ bi àkọ́bí. Òótọ́ ni pé kò fẹ́ràn agbálùmọ̀. Eyín máa ń kan án. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn kò fẹ́ràn pàápàá, ó dùn kí wọ́n bi í kí wọ́n tó fún ẹlòmíì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ẹsẹ̀ òsì bàtà tó fi ń lọ sóko, ó fi àkísà pupa dì í pọ̀ mọ́ ìkarahun ìgbín, ó fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ ẹ̀ka tó sún mọ́lẹ̀ jù, ó sì kó aya àti ọmọ lọ sí Igando. Ìrònú rẹ̀ ni pé kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, wọ́n á ti rán àgbà kan wá bẹ òun. Òun á kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n á tún padà wá, òun á tún kọ̀, ṣùgbọ́n ohùn òun á ti rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá yá, òun á ní nítorí Ọlọ́run ni, òun á lọ tú u. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ti tò sílẹ̀. Kò sí ẹni tó wá.

Láti Igando dé Ìpadò, ọ̀kadà kan àti kẹ̀kẹ́ máruwá méjì ni. Ibẹ̀ sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé fi ọ̀nà jíjìn ṣe àwáwí, Ṣàfíù sì ní láti wá àwáwí mìíràn. Lọ́dún kan, ọjà ni. Lọ́dún mìíràn, ojú ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ni, ó ní ọ̀nà yẹn máa ń ba òun nídìí jẹ́. Ìyá rẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ ni ìdí rẹ̀ le. Bí àárò ọmọ bá sọ ọ́, á gbé ìbẹ́pẹ àti mángòrò sórí, á wá kí wọn. Kò gbé agbálùmọ̀ wá rí, kò sì dárúkọ rẹ̀. Ṣàfíù náà kò béèrè. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìwé Hamdalah, wọ́n á sọ̀rọ̀ gbogbo igi tó wà láyé àfi ẹyọ kan. Nígbà tó bá ń lọ, á ní, "Àkànní, ilé wà níbẹ̀ o." Ṣàfíù á ní òun ti gbọ́.

Súmbọ̀ ní tiẹ̀ kò wá. Nígbà tó bímọ, ìyá wọn ló wá sọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣàfíù kò lọ, ó ní Súmbọ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun. Súmbọ̀ ní òun tí òun ń tọ́jú ọmọ ọjọ́ mélòó kan, ṣé kí òun gbé e pọ̀n wá sí Igando ni? Ìyá wọn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ tó gbé e bọ̀ rí i pé ńṣe ló ń wúwo sí i, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé tí agbálùmọ̀ bá wọ ìgboro, tí àwọn obìnrin bá ń gbé e kọjá nínú bàsíà, Ṣàfíù á yíjú sí àpù rẹ̀, á máa nu èyí tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ilé ìyá òun, agbálùmọ̀ ń já bọ́ ní àkókò yẹn, ó ń jẹrà síbi tó bá bọ́ sí, ẹsẹ̀ bàtà òun sì ń wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti pinnu pé bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ lẹ́yìn oṣù kan máa ṣàlàyé oṣù kan. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn ọdún máa ṣàlàyé ọdún. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni àlàyé náà ń gùn sí i, Ṣàfíù kì í sì í ṣe ẹni tó lè sọ̀rọ̀ gígùn láìgba omi.

Lọ́yẹ́ ọdún yìí, ibà dá ìyá rẹ̀ gúnlẹ̀. Súmbọ̀ ló gbé e wá sí ọsibítù, ní àárọ̀ kùtù kí Ṣàfíù tó tẹ́ ọjà. Ó wá di pé ìyá Ṣàfíù dùbúlẹ̀ sí ìkọjá títì níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ta àpù fún ìyá àwọn ẹlòmíì. Àwọn ọmọ méjèèjì pín ìtọ́jú rẹ̀ láìbá ara wọn ṣàdéhùn: Súmbọ̀ á wá láàárọ̀, á wẹ̀ fún un, á padà sí Ìpadò, Ṣàfíù á wọlé nígbà tó bá dájú pé ó ti lọ. Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì, Màmá Susanna, rò pé àjọbí kọ́ ni wọ́n.

Ṣàfíù gbé àpù tó dára jù lórí tábìlì rẹ̀ wọlé. Ìyá rẹ̀ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan, ó wá gbé e fún Màmá Susanna. Ó ní omi ni, ojú ló ti dùn. Nígbà tó gbé gíréèpù wá, ó ní èyí náà dà bí ojú ẹja. Ó wá dùbúlẹ̀ padà, ó ní, "Ẹnu mi ló ń korò, Àkànní. Bí mo bá rí agbálùmọ̀ lá báyìí, ó dà bíi pé ó máa là."

Ṣàfíù dìde, ó ní òun ń bọ̀, ó palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́sàn-án gangan, ó gba ilé lọ bá ìyàwó rẹ̀, Àdíját, tó ń rán aṣọ níwájú ilé. Ó sọ fún un pé Màmá ní àwọn fẹ́ agbálùmọ̀.

Àdíját kò gbójú sókè lórí máṣíìnì. Ó ní kí ló wá le ńbẹ̀? Agbálùmọ̀ kún Ikotun, ó kún Egan. Ìyá Fẹ́kọ́mi tó jókòó ti Ṣàfíù lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, kí ló ń tà?

"O ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí," Ṣàfíù sọ. "Láti ọjọ́ yìí, ṣé o gbọ́ kí Màmá dárúkọ agbálùmọ̀ níwájú mi rí? Igi yẹn ni wọ́n ń wí. Wọn ò fẹ́ kú kí n tó tú u."

"Bàbá Hamdalah, màmá yín ní ẹnu ń korò."

"Ìwọ ò mọ ará Ìpadò."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ wọ́n mọ́ jàre."

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń dá lẹ́bi, bí wọ́n bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní òwe ni wọ́n ń pa mọ́ òun. Ṣàfíù ti pinnu. Ìyá òun fẹ́ jẹ lára igi rẹ̀ kí ó tó kú, òun nìkan ṣoṣo ní gbogbo ayé yìí ló sì lè mú kó ṣeé ṣe. Kí a sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Kò sí ẹni tó rán àgbà wá bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ibà ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àgbà.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ó gbé báàgì kan dání, ó gun ọ̀kadà, ó wọ máruwá, ó tún wọ òmíràn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó rò pé awakọ̀ ti gbé òun kọjá. Mángòrò tó tẹ̀ kò sí mọ́. Ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀, òun kò tẹ̀. Níbi kajú, wọ́n ń ta ìrẹsì sísè. Òrùlé ló bo àfonífojì náà láti òkè délẹ̀. Odò nìkan ni kò kúrò níbi tó wà, àmọ́ wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ bíbí Ìpadò wá ń béèrè ilé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù.

"Ilé Màmá Onígi?" ọmọ náà dáhùn. "Ẹ máa tẹ̀ lé fẹ́ǹsì yẹn. Ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láìnídìí, ẹ ti débẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Fẹ́ǹsì náà ń bọ̀ tààrà, ó dé ẹ̀yìn ilé ìyá Ṣàfíù, ó yà fún igi agbálùmọ̀ kan bí ìgbà tí èèyàn bá yà fún àna, lẹ́yìn náà ó tún lọ tààrà. Ẹbí bàbá Ṣàfíù ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà títí dé odò. Kò sí ẹni tó sọ fún un, nítorí kò sí ẹni tó ń rí i. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà, ọ̀gbẹ́ni Henry, ará Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ń bomi rin òdòdó nígbà tí àlejò yìí dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tó gbọ́ orúkọ, ó ju ike omi sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Ṣàfíù mú.

"Ẹ̀yin ni Ṣàfíù? Ẹ̀yin gan-an? Ẹ̀gbọ́n, a ti ń fi àdúrà wá yín."

Ó ní kí Ṣàfíù má ṣì òun lóye o, òun kì í bẹ̀rù irú nǹkan báyẹn, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni òun, bàbá òun sì jẹ́ olùkọ́ ìjọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tí igi náà dúró sí ni ẹni tó ya àwòrán ilé fi sọkawéè sí, ibi tí omi ìdọ̀tí gbogbo ilé máa wọ̀. Òun ti pe agégi títí. Èyí tó bá dé, tó bá ti rí bàtà yẹn lókè, á rántí pé ìyàwó òun kò yá. Òun wá rí Wàsíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gé igi kiri Ayọ̀bọ̀ àti Egan, akínkanjú ni. Wàsíù náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó wá ṣiṣẹ́ ní ilé kejì. Wọ́n pè é. Ó kí Ṣàfíù ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó jìnnà jù tí Ṣàfíù dé láyé ni Ìbàdàn.

"Mùsùlùmí ni mí, Alájì," Wàsíù sọ, ojú rẹ̀ le koko. "Ààlè ò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rọ mi ni ẹ̀rù ń bà. Mo gbé e dé ìdí igi yìí lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀, kò dún. Mo gbé e padà sílé, ó dún."

Ṣàfíù gbójú sókè. Igi náà ti di ńlá, ó sì so títí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń tẹ̀. Èso ọdún dé ọdún ti jẹrà sí ìdí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi rọ̀ bí ibùsùn. Bàtà náà gbẹ bí ẹja, àkísà pupa ti di funfun, okùn ọ̀rá sì ti wọ inú èèpo igi lọ. Nínú gbogbo igi tó wà ní Ìpadò nígbà èwe rẹ̀, kò sí òmíràn tó tún dúró. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Ohun tó ń tì í lójú láti ọdún wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí wọ́n gé igi náà. Bó bá tú u, ẹ̀rọ Wàsíù á dún. Bí kò bá tú u, ìyá rẹ̀ kò ní fi ẹnu kàn án láéláé.

Súmbọ̀ ti jáde láti ilé ìdáná. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún Ṣàfíù pẹ̀lú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá."

"O kú ilé."

Ó tán. Ó dìde, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣàfíù fẹ́ bi í pé ṣé Màámi mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gé igi yìí? Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ó rí i bó ṣe dúró, ó sì rò pé Súmbọ̀ ń dúró kí òun ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nínú ilé bàbá òun ni. Bí ó bá sọ pé ẹ má tú u, èmi á sinmi, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Súmbọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ṣàfíù na apá sókè.

Ó pẹ́ kó tó rí ojú okùn. Èékánná ló fi ń yọ ọ́ jáde nínú èèpo igi, oje sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò ti ń kó jọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì. Nígbà tí ààlè náà bọ́, ó gbé e lọ sódò bí àṣà ibẹ̀ ṣe ní kó ṣe, ó ní, "Mo so ó, mo tú u," ó jù ú sómi. Omi gbé ìkarahun lọ. Bàtà náà há sára búlọ́ọ̀kù, Henry fi igi tì í kó lè máa lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ààlè, gbogbo ìlú ló ni igi. Àwọn ọmọ ya wọlé, ti Henry wà lára wọn, wọ́n ń ṣa èyí tó bọ́ láàárọ̀. Ṣàfíù bẹ̀rẹ̀, òun náà ń ṣà. Súmbọ̀ gbé abọ́ wá, ó ń yan èyí tó pọ́n jù, nígbà tó kún, ó wá dà á sínú báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìlanu. Ó padà sí ilé ìdáná. Henry wá bi Ṣàfíù tìtìjútìtìjú pé ṣé àwọn lè bẹ̀rẹ̀? Ṣàfíù ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣà tán. Henry gbàdúrà fún un, àdúrà gígùn ni, ó dárúkọ ọjà rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti jókòó nígbà tó dé wọ́ọ̀dù. Ibà ti ń lọ, ojú rẹ̀ mọ́. Ṣàfíù pa ẹyọ kan láàárín ọwọ́ méjì, ó fún un. Ó fi ẹnu fa omi rẹ̀, ó la ojú, ó tún fà á. Ó gba èkejì. Ó pín fún Màmá Susanna, ó ní kí ó fi àpù yẹn sílẹ̀ jàre, kí ó wá jẹ ohun tí Ọlọ́run dá.

"Ẹnu mi là," ó wí. "Ibo lo ti rà á? Ti Egan kì í dùn báyìí."

"Igi wa ni, Màámi."

"Igi wo?"

"Tiyín. Èmi ni mo lọ tú ààlè láàárọ̀ yìí. Ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ agbálùmọ̀."

Ìyá rẹ̀ wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Agbálùmọ̀ ni mo ní mo fẹ́, Àkànní. Ti obìnrin tó jókòó tì ẹ́ níta yẹn ì bá tó."

Kò jágbe. Bóyá bó bá jágbe ì bá sàn. Ó sọ fún un pé lọ́dún àkọ́kọ́, Súmbọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn ránṣẹ́ pè é, ó ní inú òun ò dùn sí i, kí wọ́n dá igi náà padà fún ẹ̀gbọ́n òun. Ìyá wọn ló kọ̀. "Mo ní bí a bá pè ọ́, wàá rò pé igi la fẹ́, kì í ṣe ìwọ. Mo ní kí a jẹ́ kí o wá fúnra rẹ." Ó dúró dè é lọ́dún yẹn, ó dúró dè é lọ́dún kejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ dé. Wọ́n gé mángòrò ilé ìmáàmù, wọ́n gé gbogbo ìyeyè etídò, wọ́n dé ìdí tòun, wọ́n rí bàtà, wọ́n padà. "Mo wá sọ lọ́kàn mi pé ìbínú ọmọ mi kò kúkú burú. Ó ń bá mi ṣọ́ igi mi."

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo béèrè?"

Ó mú ẹyọ mìíràn nínú báàgì, ó ń jẹ ẹ́, nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe máa dá a padà sórí igi.

Ṣàfíù dìde. Ó fẹ́ pe Súmbọ̀, ló bá rí i pé òun kò ní nọ́ńbà fóònù àbúrò òun. Ó ní láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìyá wọn na fóònù tirẹ̀ sí i. Ṣàfíù gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màámi?" Súmbọ̀ dáhùn.

"Èmi ni."

Lẹ́yìn Súmbọ̀, ẹ̀rọ Wàsíù ń dún ketekete, ẹ̀rù kò bà á mọ́.

"Súmbọ̀, sọ fún wọn kí wọ́n dúró."

"Ó ti wọ àárín igi, Bọ̀dá."

"Kí ló dé tí o ò dá mi dúró láàárọ̀?"

"Mo rò pé Màámi ló rán yín. Mo ní bóyá wọ́n ti gbà kí wọ́n gé e, pé ẹ̀yin ni wọ́n sọ ọ́ fún." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Ẹ̀rọ dákẹ́ ní òdìkejì. Nǹkan kan ya, ó ń ya lọ, ó pẹ́ kó tó ya tán, ilẹ̀ sì gbà á. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bí òjò ńlá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: gbogbo agbálùmọ̀ orí igi náà ló ń bọ́, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n.

"Ṣé Màámi jẹ èyí tí ẹ gbé lọ?" Súmbọ̀ béèrè, nígbà tó yá.

"Wọ́n jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹnu wọn là?"

"Ó là."

"Ó dáa."

Kò sí ẹni tó gé fóònù nínú àwọn méjèèjì. Ṣàfíù ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sáré káàkiri ìdí igi, ó ń gbọ́ ohùn Henry tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Wàsíù. Ó fẹ́ béèrè orúkọ ọmọ Súmbọ̀, èyí tí kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà tó máa gbà béèrè rẹ̀ tí kò fi ní ti òun lójú, ni káàdì tó wà lórí fóònù ìyá wọn tán.